Ìlà Tín-ín-rín Kan Nídìí Àtàǹpàkò

Ọwọ́ òsì ló fi na àpò búráùn náà sí mi. Ó rí i lójú mi pé mo kíyè sí i, ó yára tẹrí ba, ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ọ̀tún ò gbé nǹkan ni." Káfíńtà ni, ọmọ ọdún 26, ọwọ́ ọ̀tún yẹn ló sì fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Bébà ẹyọ kan ṣoṣo ló wà nínú àpò náà o. Bí ọwọ́ ọkùnrin tó ń kan òrùlé kò bá lè gbé bébà kan, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Oníṣẹ́ X-ray ni mí, ní ilé ìwòsàn kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Mo gba àyè lọ́wọ́ ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ kí n tó kọ ìtàn yìí. N kò ní dárúkọ wọn, n kò sì ní dárúkọ ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ lọ, torí kì í ṣe pé mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà. Àwọn èèyàn kì í yé bi mí pé èwo ló dáa jù fún eegun tó kán, ṣé X-ray orí fíìmù ni àbí ti kọ̀ǹpútà. Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn tẹ́lẹ̀ kò kọjá ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ọ̀rọ̀ káfíńtà yìí ló jẹ́ kí n rí i pé ìdáhùn yẹn kò pé.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ó ń kan àjà ilé kan. Táìsì ni ilẹ̀ ilé náà, àkàbà sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ibi tó ti já bọ́ kò ga ju ìdúró èèyàn lọ, ṣùgbọ́n bó ṣe ń ṣubú, ó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe, àtẹ́lẹwọ́ ló sì kọ́kọ́ balẹ̀. Ọrùn ọwọ́ náà wú díẹ̀. Kò wọ́, kò yẹ̀, gbogbo ìka rẹ̀ sì ń ká. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ nínú irú ìfarapa yìí nìyẹn. Ẹni tó ṣubú á wo ọwọ́ rẹ̀, á rí i pé ó ṣì dúró bí ọwọ́, á ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Òun kò bá iṣẹ́ lọ. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ ya X-ray níbì kan tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà. Àwòrán mẹ́ta ni wọ́n yà: iwájú, ẹ̀gbẹ́, àti èyí tí wọ́n yí ọwọ́ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀. Fíìmù tí ẹ̀rọ ayé òde òní fi ń tẹ àwòrán ti wọ́n gógó, nítorí náà bébà A4 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójú kan. Ó gbé bébà náà lọ sí kíláníìkì tó wà ládùúgbò wọn. Dókítà kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Nọ́ọ̀sì fi fóònù ya bébà ọ̀hún lórí tábìlì, ó fi ránṣẹ́ sí dókítà lórí WhatsApp, èsì sì dé kíákíá: eegun kankan ò kán, iṣan ló fà, ẹ fún un ní oògùn ìrora, kí ẹ fi báńdéèjì dì í.

Dókítà yẹn kò parọ́. Ohun tó rí ló sọ. Nínú ohun tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò sí eegun tó kán.

Ìyá ọmọ náà ni kò gbà. Ó ní ọmọ òun kì í ké bẹ́ẹ̀ lóru. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ a-to-eegun kan, bàbá àgbàlagbà tí àdúgbò mọ̀ dáadáa. Bàbá náà béèrè fún X-ray kó tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí, mo sì gbà pé ó dáa. Bébà kan náà ni wọ́n fà yọ. Bàbá gbé e sókè sí oòrùn, òun náà ní kò kán. Ó fi òrí ra á, ó fà á, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa ọwọ́ yẹn. Dókítà àti a-to-eegun, tí wọn kì í gbọ́ra wọn yé lórí ohunkóhun, bébà kan ṣoṣo ló mú kí ẹnu wọn kò.

Ọjọ́ 22 lẹ́yìn ìṣubú ló dé ọ̀dọ̀ mi.

Kí n tó gbé ọwọ́ aláìsàn kankan sórí ẹ̀rọ, mo máa ń ní kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí ibi tó ń dùn ún. Kó má fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ nù ún, kó má ní gbogbo rẹ̀ ló ń dùn. Ìka kan, ojú kan. Ó tọ́ka sí ìdí àtàǹpàkò.

Ẹ na àtàǹpàkò yín sókè, kí ẹ fà á sẹ́yìn dáadáa. Ẹ ó rí iṣan tó yọ bí okùn lápá ibí àti lápá ọ̀hún, kòtò kékeré kan á sì wà láàárín wọn. Inú kòtò yẹn làwọn tó ń fa áṣáà símú láyé àtijọ́ máa ń da áṣáà lé, ibẹ̀ náà sì làwọn oníṣègùn òyìnbó ti mú orúkọ tí wọ́n ń pè é. Mo fi orí ìka tẹ kòtò náà. N kò tẹ̀ ẹ́ tó bí èèyàn ṣe ń tẹ bọ́tìnnì iná. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó fa èémí láàárín eyín bí ẹni tó bu ata jẹ láìmọ̀.

Abẹ́ kòtò yẹn ni eegun tí wọ́n ń pè ní scaphoid wà, ọ̀kan lára eegun kéékèèké mẹ́jọ tó di ọrùn ọwọ́. Ó gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀, ó sì tẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ohun tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí nìyẹn ní èdè Gíríìkì. Òun ló máa ń kán jù lọ nínú àwọn mẹ́jọ náà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ṣubú tí wọ́n fọwọ́ balẹ̀ ló sì ń ṣe jù. Ibi tí ewu rẹ̀ wà ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ eegun yìí, apá ìka ló ti ń wọlé, kó tó ṣàn padà sápá ìgúnpá. Bó bá kán láàárín, ìdajì tó wà lápá ìgúnpá á dà bí abúlé tí omíyalé gbé afárá rẹ̀ lọ: oúnjẹ ò dé ibẹ̀ mọ́. Ó lè má so pọ̀. Ó tiẹ̀ lè kú. Bí kò bá sì so, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ oríkèé ọwọ́ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ, ọwọ́ á máa le, kò sì ní lè ti rándà mọ́. Àwọn dókítà eegun mọ̀ pé bí ó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí wọ́n tó dè é, àǹfààní pé yóò so fúnra rẹ̀ ń dín kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jẹ́ ọjọ́ 28. Ọjọ́ mẹ́fà ló kù fún wa.

Mo yọ bébà náà jáde. Àpótí iná tí a fi ń wo fíìmù kò wúlò fún un, torí pé iná kì í gba inú bébà kọjá dáadáa. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé. Àwọn eegun ọrùn ọwọ́ funfun báláú bí ẹfun, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Ẹran tó yí wọn ká dúdú bí èédú. Scaphoid ti kéré, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ojú kan tún wà tí tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti fò, tó fi ìlà funfun sílẹ̀ gba orí àwọn eegun kọjá. Mo wò ó títí ojú fi ń ta mí. Bí wọ́n bá ní kí n fi bébà yẹn búra, èmi náà á ní kò kán.

Mo pe ibi tí wọ́n ti yà á lórí fóònù. Mo bi ẹni tó dá mi lóhùn bóyá àwòrán náà ṣì wà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ó ní ó wà, ó ní òun lè fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Mo ní rárá, mo dúpẹ́. Mo fún ọmọ náà ní fláàṣì mi, mo kọ ọ́ síwèé fún un pé DICOM ni kí wọ́n kó sí i, kí wọ́n má kó JPEG, irú fáìlì tí fóònù fi ń tọ́jú fọ́tò. DICOM ni irú fáìlì tí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ X-ray àti àwọn ẹ̀rọ ńlá míì tó ń ya inú ara, bíi CT àti MRI, fohùn ṣọ̀kan lé lórí, tó ń jẹ́ orúkọ yẹn láti 1993, kí àwòrán tí wọ́n yà ní Òṣogbo lè ṣí ní London láìpàdánù ohunkóhun. Ó gun ọ̀kadà lọ. Ìyá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀.

Ó dé lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 50. Mo pa iná yàrá, mo fa kọ́tìnnì, mo ṣí àwòrán iwájú. Bó ṣe kọ́kọ́ ṣí, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti bébà, àfi pé ó tóbi. Mo fa máòsì lọ sókè sódò kí ìmọ́lẹ̀ lè dín kù, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí funfun àti dúdú lè túbọ̀ ya ara wọn. Ẹran ọwọ́ náà wọ inú òkùnkùn lọ. Ẹfun tó bo àwọn eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò díẹ̀díẹ̀, inú eegun sì yọ: àwọn fọ́nrán kéékèèké tó hun ara wọn bíi kànìnkànìn ìbílẹ̀. Mo fi scaphoid nìkan kún ojú mọ́nítọ̀. Ní ìbàdí rẹ̀ gan-an, àwọn fọ́nrán náà já. Ìlà dúdú kan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ gba ibẹ̀ wọlé láti etí kan, ó sì parẹ́ kó tó dé etí kejì. Níbi tó ti wọlé, etí eegun tó yẹ kó lọ geere ṣe àtẹ̀gùn kékeré kan, bí ìgbà tí pákó méjì ò bá ara wọn dọ́gba lójú ibi tí wọ́n ti pàdé.

Àwòrán ọjọ́ kejì ìṣubú nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà nínú kọ̀ǹpútà náà, ó ń dúró de ẹni tó máa wò ó.

Ojú tó ń wá nǹkan lójú méjèèjì lè rí ohun tí kò sí, nítorí náà n kò gba ojú mi gbọ́. Mo dá àwòrán náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo pe ẹnì kejì mi, mo ní, "Bá mi wo ọwọ́ yìí, ìdí àtàǹpàkò ló ń dùn ún." N kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jókòó, ó fa máòsì síbí, ó fà á sọ́hùn-ún, ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi ìka kan ojú mọ́nítọ̀. Ibi kan náà ni.

Mo ní kí wọ́n pe ìyá ọmọ náà wọlé, mo fi hàn án. Obìnrin náà sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. "Dókítà," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bí mo tilẹ̀ ti sọ fún un pé n kì í ṣe dókítà, "ṣé ẹ̀rọ tiyín wá mú ju ti ibi tí a kọ́kọ́ lọ ni?"

"Rárá, Màmá. Ẹ̀rọ tiwọn ló ya èyí tí ẹ ń wò yìí. Ẹ̀rọ tiwọn rí i."

Ó ronú díẹ̀. "Ẹ̀rọ rí i. Ta wá ni kò rí i?"

N kò rí èsì fún un lójú ẹsẹ̀.

Mo tún ọwọ́ náà yà. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó di ẹ̀ṣẹ́ díẹ̀, kó sì tẹ ọwọ́ sápá ọmọńdinrín, kí scaphoid lè nà gbọọrọ dípò kó ká sínú ara rẹ̀. Wọn kò ya irú èyí fún un lọ́jọ́ kìíní, ìwé tó gbé lọ bá wọn kò sì sọ ibi tó ń dùn ún. "X-ray ọrùn ọwọ́" lásán ni wọ́n kọ sí i. Àwòrán tuntun náà kò nílò fífa máòsì. Ìlà náà ti fẹ̀, ó ti kọjá láti etí dé etí. Ọ̀nà ara nìyẹn: bí eegun bá kán, ara á kọ́kọ́ kó etí tó ti bàjẹ́ kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀ àtúnmọ, nítorí náà ohun tó fara pamọ́ lọ́jọ́ kejì lè hàn gbangba lẹ́yìn ọjọ́ 10 sí 14. Ìdí rèé táwọn dókítà eegun fi máa ń sọ pé, bí kòtò àtàǹpàkò bá ń dun èèyàn, kódà bí X-ray rẹ̀ kò bá fi nǹkan kan hàn, kí wọ́n ṣì de ọwọ́ náà, kí wọ́n sì ya òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. MRI lè tètè fi í hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n káfíńtà mélòó ló lè san owó rẹ̀?

Ìbéèrè màmá kò kúrò lọ́kàn mi. Mo tọ ipa àwòrán náà láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè mọ ibi tó ti sọnù.

Plate, ìyẹn pátákó tó ń gba ìtànṣán X-ray dípò fíìmù, èyí tí wọ́n fi ya ọwọ́ yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 18 ní ìbú, 24 ní gígùn. Ẹ̀rọ tó ń kà á máa ń kó àmì mẹ́wàá nínú milimítà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé àmì tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ló wà nínú àwòrán kan. Àmì kọ̀ọ̀kan lè gba ọ̀kan nínú oríṣi àwọ̀ eérú 4,096, láti dúdú kirikiri dé funfun nini. Kò sí ojú èèyàn tó lè rí 4,096 lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí máòsì ń ṣe nìyẹn: ó ń jẹ́ kí á yan apá tí a fẹ́ wò nínú wọn. Ní wákàtí tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kọ̀ǹpútà ti bá gbogbo èèyàn yàn án tán. Fíìmù tó dáa, bí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ jù lórí rẹ̀ lè fi ìlọ́po 1,000 mọ́lẹ̀ ju ibi tó dúdú jù lọ. Lórí bébà, nǹkan bí ìlọ́po 100 ló mọ. Wọ́n tún wá fún àwòrán mẹ́ta pọ̀ sójú kan, eegun tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjì ààbọ̀ di ẹyọ kan ó lé díẹ̀, àlàfo tí kò tó milimítà kan sì sún kì.

Lẹ́yìn náà ni fóònù nọ́ọ̀sì. Fóònù sọ bébà náà di JPEG tí kò ní ju oríṣi eérú 256 lọ, pẹ̀lú òjìji ọwọ́ rẹ̀ lórí igun kan. WhatsApp tún fún èyí náà pọ̀ kí ó lè fúyẹ́ lójú ọ̀nà. Wọ́n ti fi í ránṣẹ́ sí ọmọ náà pẹ̀lú, ó ṣì wà lórí fóònù rẹ̀, mo sì wò ó: kìlóbáìtì 118. Fáìlì tó ti inú fláàṣì jáde lé ní mẹ́gábáìtì 8. Ohun tí dókítà wò kò tó ìdá kan nínú 60 ohun tí ẹ̀rọ rí. Èsì tí mo ní fún màmá nìyẹn, ó sì dùn mí láti sọ ọ́: gbogbo èèyàn ló wo nǹkan, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wo àwòrán náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ka ibi dé yìí, wọ́n á ní fíìmù ló ti di ohun àtijọ́, kọ̀ǹpútà ló kù. N kò fara mọ́ ọn. Fíìmù ni mo fi kọ́ṣẹ́. Mo ṣì rántí yàrá òkùnkùn náà, gílóòbù pupa tó ń tàn bí ẹyin iná, òórùn fixer, oògùn tí a fi ń fọ fíìmù, tó máa ń bá aṣọ wa délé, àti bí a ṣe ń so fíìmù tútù rọ̀ kó lè gbẹ, tí eruku ọyẹ́ á sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìgbà tí Wilhelm Röntgen, onímọ̀ físíìsì, ti ṣàkíyèsí ìtànṣán X-ray yìí ní Würzburg, ní Jámánì, ní oṣù November 1895, tó sì ya ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú òrùka lórí ìka kí ọdún náà tó parí, èròjà fàdákà tí ìtànṣán ń sọ di dúdú ló ń gbé àwòrán eegun fún wa, lórí gíláàsì ní ìbẹ̀rẹ̀, lórí fíìmù lẹ́yìn náà. Ọdún 1983 ni Fuji, ilé iṣẹ́ kan ní Japan, tó gbé plate tí kọ̀ǹpútà ń kà jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ sì ni pé fíìmù tó dáa, nínú kásẹ́ẹ̀tì, àpótí pẹlẹbẹ tí fíìmù ń wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún eegun kéékèèké, máa ń ya ìlà tó tín-ín-rín ju èyí tí plate kọ̀ǹpútà lè yà lọ.

Àléébù fíìmù ni pé kì í dárí jini. Bí ìtànṣán bá pọ̀ jù, ó dúdú. Bó bá kéré jù, ó funfun jù. A ó tún un yà, aláìsàn á tún gba ìtànṣán sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní gílóòbù kan tó mọ́lẹ̀ bí ojú ọ̀sán, ó máa ń gbé e sẹ́yìn fíìmù tó bá dúdú jù, ní ibi tó bá ń fura sí, á sì fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo ibẹ̀. Ohun tí mo fi máòsì ṣe lọ́jọ́ yẹn, gílóòbù ni ọ̀gá mi fi ń ṣe é. Bó bá jẹ́ orí fíìmù ni wọ́n ya ọwọ́ káfíńtà yìí sí, bó ṣe tóbi tó gẹ́lẹ́, tí ọ̀gá mi sì mú un sójú iná, mo gbà gbọ́ pé ì bá rí ìlà náà. Ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣe lé orí ẹ̀dà ló pa á mọ́ wa lójú.

Kọ̀ǹpútà náà ní ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. Ó lè pọ́n etí eegun mú jù, débi tí ìlà dúdú á yọ níbi tí eegun méjì ti gba orí ara wọn kọjá, tí ẹni tí kò mọ̀ á sì pè é ní kíkán. Ó tún ń bo àṣejù mọ́lẹ̀: bí a bá fún aláìsàn ní ìtànṣán ju bó ṣe yẹ lọ, fíìmù á dúdú láti fi sùn wá, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á tún un ṣe, àwòrán á rẹwà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Àwa náà ti tẹ irú bébà bẹ́ẹ̀ fún àwọn èèyàn. Nígbà tí owó fíìmù gun òkè, a ní kí á dín ìnáwó kù fún aláìsàn, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi tẹ̀ wọ́n, mẹ́ta lójú kan, nígbà míì mẹ́rin. Lálẹ́ ọjọ́ tí káfíńtà wá, n kò tètè lọ sílé. Mo ṣí gbogbo àwòrán ọrùn ọwọ́ tí a ti yà fún oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lójú mọ́nítọ̀. Ọ̀kan mú kí àyà mi já, ti obìnrin kan tó ṣubú níbi omi. Mo wá nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé, mo pè é ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Ó ní ọwọ́ ti san, ó ní òun ti ń gún iyán láti nǹkan bí oṣù kan. Mo dúpẹ́, mo sì tún ní kó wá kí n wò ó. Ó wá. Kò sí ohun tó ṣe é.

Láti ìgbà náà, bó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ni, ẹni tó bá fẹ́ fíìmù ń gba fíìmù, àwòrán kọ̀ọ̀kan ní títóbi eegun náà gan-an. Ẹni tí kò bá lówó fíìmù, a ń kó DICOM sórí sídì tàbí fláàṣì fún un pẹ̀lú ohun tó máa ṣí i, bébà kì í sì í dá jáde lọ́dọ̀ wa mọ́. Bí dókítà kan tó jìnnà bá ní kí a fi ránṣẹ́ sórí fóònù òun dandan, inú kọ̀ǹpútà ni a ti ń mú un, a kì í fi kámẹ́rà yà á lórí bébà, a sì ń fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, a kì í fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò, kí WhatsApp má bàa fún un pọ̀. A ó tún kọ ibi tí aláìsàn fi ìka tọ́ka sí mọ́ ọn. Ó ń gba àkókò. Àwọn kan ń kùn.

Ní ti káfíńtà, Ìbàdàn la darí rẹ̀ sí, sọ́dọ̀ dókítà eegun, fláàṣì ló sì gbé lọ. Wọ́n rí i pé apá méjèèjì kò tíì kúrò lójú ara wọn, nítorí náà wọn kò gbé ọ̀bẹ sí i. POP, ohun funfun tó ń le bí símẹ́ǹtì, ni wọ́n fi dè é láti ìsàlẹ̀ ìgúnpá, fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Dókítà ṣàlàyé fún un pé bí kò bá so, àwọn á bu díẹ̀ lára eegun ìdí rẹ̀ fi dí àlàfo náà, àwọn á sì fi skúrù kékeré kan dè é, irú èyí tí Timothy Herbert, dókítà kan ní Ọsirélíà, gbé jáde, tí kì í ní orí, tó ń wọ inú eegun lọ pátápátá. Ọmọ náà sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dẹ́rù ba òun. "Sà, bí àwa náà ṣe ń ṣe ẹsẹ̀ àga tó bá sán nìyẹn. A ó fi ẹ̀rún pákó dí i, a ó wá fi skúrù mú un." Ó yé e ju bó ṣe yé ọ̀pọ̀ lára wa lọ.

Ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, pẹ̀lú ọwọ́ tó gbẹ tó sì rọ bí ewé tí oòrùn pa, bí ọwọ́ ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú POP. Mo tẹ kòtò náà. Ó wò mí, kò já ọwọ́ gbà. Mo yà á, mo to àwòrán mẹ́ta sójú mọ́nítọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ọjọ́ kejì, ọjọ́ 22, àti ti òní. Nínú ẹ̀kẹta, ìlà náà ti fọ́jú ní ọ̀pọ̀ ibi, àwọn fọ́nrán eegun sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá láti apá kan dé èkejì. Mo kó gbogbo rẹ̀ sórí fláàṣì fún un. Dókítà rẹ̀ fẹ́ kó ya CT kó tó fọwọ́ kan hámà, torí pé lórí eegun yìí, X-ray lásán lè sọ pé ó ti so nígbà tí kò tíì so tán. Ó ti fi owó CT náà pamọ́, ó ku díẹ̀ kó pé. Bó ṣe ń lọ, ó na ọwọ́ ọ̀tún gba fláàṣì náà, díẹ̀díẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ ṣì le.